Ìdìmú Tí Alángbá Fẹ́ Fún Lọ́rùn Pa

Alángbá ni wọ́n ń pè é ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi gígun ògiri ṣe eré ìdárayá, nítorí kò sí ògiri tó ga jù fún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti já bọ́ tí eegun ìka rẹ̀ kán, nǹkan ò rí bákan náà mọ́. Ìka ti jinná, dókítà ní kó máa gùn ún lọ, síbẹ̀, kó tó dé òkè, apá rẹ̀ á ti gan bí igi. Ó gbà pé agbára òun ló tán. Àárọ̀ kì í mọ́ kó má gbé irin kí agbára lè padà, pàbó ló ń já sí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń fi ṣíṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n jẹun, ló wá de ẹ̀rọ pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn gbogbo ìdìmú ara ògiri náà, ìyẹn àwọn kókó tí wọ́n ń dì mú gùn ún. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ló ń hàn nínú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gùn ún bí ẹ ṣe máa ń gùn ún. Mi ò fẹ́ àṣehàn o."

"Ta ló ń ṣe àṣehàn fún ẹ? Di okùn mi mú dáadáa."

Ó gùn ún, apá gan, ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. Àbúrò rẹ̀ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ìdìmú pupa yìí, ṣé ó ṣẹ̀ yín ni? Ẹ fẹ́ fún un lọ́rùn pa! Ẹsẹ̀ yín ò sì tẹ nǹkan kan níbẹ̀, apá nìkan lẹ fi rọ̀."

"Èyí pupa? Ìyẹn ò le rárá. Àní ọmọdé..."

Ó wá rántí. Ibẹ̀ ló ti já bọ́ lọ́jọ́sí. Ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń wo ìka rẹ̀.

"Ẹ̀rù ni," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Kì í ṣe agbára."

"Ẹ̀rọ mi ò mọ ẹ̀rù o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀."

Àbúrò rẹ̀ ṣe é kí ẹ̀rọ máa dún bí ọwọ́ bá ti fún ìdìmú náà jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ńṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lójoojúmọ́, Alángbá á dúró síbẹ̀, á mí kanlẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, títí ariwo á fi rọlẹ̀.

Nígbà tó yá, ó kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ò gbin pínkín. Ó kù díẹ̀ kó dé òkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Okùn gbà á, ó ń fì lófuurufú. Àbúrò rẹ̀ di okùn náà mú gírígírí nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ̀ yín kalẹ̀?"

"Kalẹ̀ kẹ̀?" Ẹ̀rín ló ń rín. "Dúró ńbẹ̀ jàre, mo ṣì ń lọ."