Ohun Tó Wà Lọ́rùn-Ọwọ́ Bàbá Ládàánì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ṣàngótẹ̀dó. Pákó ni mọ́ṣáláṣí yẹn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, igbó ló yí i ká. Kí ẹ̀sìtéètì tó dé, kí Alhaji Akínọ̀ṣọ́ tó kó dé tó di alága ìgbìmọ̀, bàbá mi ni ládàánì. Torí náà, ẹ má bá mi wí bí mi ò bá pọ́n Alhaji lé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú ló ń bí mi.

Ojú bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣi aago ọwọ́ wọn kà, wọ́n sì pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò. Alhaji ò jẹ́ kó tutù. Ó ra aago oníná ràgàjì kan tó ń fi iná pupa kọ àkókò ìrun, ó gbé e kọ́ ògiri, ó ní láti ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, aago yẹn ni yóò máa sọ àkókò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lateef ni yóò sì máa pe ìrun. Lateef ò ṣẹ̀ wá o. Ọmọ gidi ni, ohùn rẹ̀ sì dùn. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi kì í jẹun tán nínú abọ́ mọ́.

Èmi Màríàm, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ikate tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Aago tó ń sọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ronú kàn, bàbá mi ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ máa pariwo lára àwọn nínú mọ́ṣáláṣí. Mo bá yọ mọ́tò kékeré tó máa ń mú fóònù gbọ̀n nínú fóònù kan tó ti kú. Mo so ó mọ́ bọ́ọ̀dù kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, irú èyí tí èèyàn ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ tó máa ṣe sínú ẹ̀. Mo fi eriali sí i, kó lè máa gba àkókò àti ibi tó wà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Ìyẹn ni yóò fi ṣírò ìgbà tí oòrùn máa wọ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó gan-an. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́tò á ta bàbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí àkókò bá pé, á máa gbọ̀n títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀dù méjì ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ kí ìkẹta tó gbọ́ràn.

Nígbà tí mo dè é mọ́ bàbá mi lọ́rùn-ọwọ́, wọ́n fi ìka kàn án wò.

"Màríàm, ojú mi ti purọ́ fún mi. Ṣé eléyìí ò ní purọ́?"

"Bàbá, bí kò bá dá a lójú, kò ní mira."

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ dé. Ọyẹ́ ti mú kí ojú ọjọ́ ṣú, ilé alájà mẹ́rin kan sì dí wa lójú lápá ìwọ̀-oòrùn. Alhaji ti gbé páálí sẹ́nu ọ̀nà pé kí gbogbo ayé pa fóònù wọn, kí wọ́n kó o sínú ẹ̀, aago òun ti tó wa. A jókòó, dàbínù wà lọ́wọ́ kálukú, àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó fẹ́lẹ́, a lè rí wọn gba inú ẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, aago oníná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Lateef dìde, ó mú makirofóònù. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi.

"Lateef, dúró. Oòrùn ò tíì wọ̀."

Alhaji ní kí Bàbá jọ̀ọ́ jókòó. Bàbá mi ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ò tíì sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá pàápàá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Mo gbóhùn sókè látẹ̀yìn aṣọ, mo bi Alhaji pé ìlú wo ni wọ́n fi sínú aago náà. Ó ní Nàìjíríà ni, ìlú wo ni ì bá tún jẹ́.

"Nàìjíríà fẹ̀, Alhaji. Bẹ́ ẹ bá kàn mú Nàìjíríà, àkókò Àbújá ló máa sọ fún yín. Oòrùn ibẹ̀ máa ń ṣáájú tiwa wọ̀ ní bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ṣínu báyìí, ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́."

Lèmọ́mù ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n ní kí Lateef gun òkè ilé lọ wò ó. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ látòkè.

"Ó ṣì wà níbẹ̀! Odindi ni, lápá Ajah!"

Dàbínù bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú abọ́. Ti Alhaji ti kan ètè. Ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó jí i.

Lateef sọ̀ kalẹ̀, kò lọ sídìí makirofóònù mọ́. Ó jókòó ti bàbá mi, ó gbé ọwọ́ lé wọn lọ́rùn-ọwọ́. Nígbà tó yá, ó mi orí sókè sódò: mọ́tò ti ta lẹ́ẹ̀mejì. A tún dúró. Mi ò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àfi bí mo ṣe rí i tí Lateef fò dìde, tó gbé makirofóònù, tó fi lé bàbá mi lọ́wọ́.

Bàbá mi fi ọwọ́ kejì di etí. Lẹ́yìn náà, ohùn yẹn jáde bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó gba gbogbo ẹ̀sìtéètì kan. Mo sunkún, mi ò tijú, gbogbo tìróò mi ló ṣàn. Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é.

Alhaji gbé abọ́ dàbínù, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, ó ní kí Bàbá kọ́kọ́ mú. Ó wá bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé ta ni yóò pe ìrun àárọ̀ ọ̀la.

"Èmi ni," ni bàbá mi wí.

Nígbà tá a délé, wọ́n jẹun tán nínú abọ́, wọ́n sì ní kí n tún bu sí i.