Ilé Tí Wọn Ò Rẹ́

Kí n má purọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ tí yunifásítì ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ rẹ́ ilé ìkàwé àwọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò bo ìtìjú yẹn mọ́lẹ̀. Bàbá mi tó jẹ́ ayàwòrán ilé ló ya ilé náà, àwọn náà ni wọ́n dúró ti àwọn bíríkìlà títí iṣẹ́ fi parí, bí èèyàn bá lè pe ohun tó wà níbẹ̀ ní píparí. Bàbá ti bá yunifásítì ṣe àdéhùn nígbà náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́ ilé náà tàbí kùn ún lọ́dà láìjẹ́ pé àwọn gbà, bí àwọn ò bá sì sí mọ́, kí àkọ́bí àwọn gbà. Bàbá ti kú. Èmi ni àkọ́bí. Mo ti gbà kí wọ́n tó bi mí.

Èmi àti Ìyá mi la jọ lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó sílé, wọ́n kọ̀.

"Mo fẹ́ rí ibi tí ọkùnrin yẹn gbé ilẹ̀kùn mi lọ kẹ́ ẹ tó bò ó," ni wọ́n wí. Ìbínú sí Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n tẹ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí ilé náà ti wà.

Mo ti rí ilé tó burẹ́wà, ṣùgbọ́n ti eléyìí ní ìgbéraga nínú. Kọnkéré ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kọnkéré lóde, kọnkéré nínú, ọ̀dà ò kàn án rí. Àwọn fèrèsé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bíi pé ilé náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo òun. Òjò ti fa ìlà dúdú sí i lójú bí ẹni tó sunkún tí kò bọ́jú. Lọ́sàn-án gangan, iná ni wọ́n ń tàn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè rí ìwé kà. Gbogbo ara ògiri ló sì kún fún àmì pákó. Búrẹ́dì ni mo ń ṣe jẹun, mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ohunkóhun tó bá wà lára páànù tí mo fi ń yan án ni yóò hàn lára búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ náà ni kọnkéré pẹ̀lú pákó tí wọ́n bá dà á sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí búrẹ́dì mi bá jáde báyìí, mi ò ní gbé e fún oníbàárà.

Àwọn méjì ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ni ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ilé yunifásítì, tí táì rẹ̀ fún un lọ́rùn débi pé mo ń mí fún un. Èkejì ni ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ilé kíkọ́, tí kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ògiri náà rárá.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," Onítáì wí. "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ò ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ níbí lẹ máa ti fọwọ́ síwèé."

"Kí ló wá ń ṣiṣẹ́ níbí?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sún mọ́ mi.

"Ilé yìí kì í parọ́, Mà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an ló ṣe fara ẹ̀ hàn."

"Tí èmi náà bá jáde nílé láìwẹ̀, òótọ́ ni mo ń sọ nìyẹn?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Mà."

"Ṣé ó sọ òótọ́ fún yín pé òun máa jò?"

Ó wo korobá tí wọ́n gbé sábẹ́ ibi tí omi ti ń kán. "Jíjò yẹn ò pọ̀," ó wí.

Ẹ lè ní ẹnu mi ti mú jù, àti pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Mo mọ̀. Ará ilé mi gan-an ni mo ń sọ ọ́ sí.

Mo ní àbúrò kan, ọkùnrin. Ọ̀gá Gíga la máa ń pè é nítorí pé ó kúrú, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn ún. Inú ilẹ̀kùn iwájú ilé wa ni Bàbá ti máa ń wọ̀n wá. A ó fẹ̀yìn tì í, wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ibi tí orí wa dé, tèmi lápá òsì, tiẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, ó dìde lórí ìka ẹsẹ̀. Mo pariwo pé ojóóró ni. Bàbá ní àwọn ò rí nǹkan kan, wọ́n fa ìlà náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mi ò dákẹ́, wọ́n fa òmíràn sábẹ́ rẹ̀ gẹ́rẹ́, síbi tí orí rẹ̀ dé ní tòótọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà pa á. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Àwọn ìlà ara ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló fi hàn pé ó gbé ayé rí, ìkán sì ti ń jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn náà lọ díẹ̀díẹ̀.

Àárín òjò ni Bàbá kó káfíńtà wá sílé, tí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní pákó tí àwọn fi ń di kọnkéré ilé ìkàwé ò tó mọ́, iṣẹ́ ò sì ṣeé dá dúró. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní tiwa, ilẹ̀kùn la kó ròde. Kọ́tìnì la ta sẹ́nu ọ̀nà títí òjò fi lọ. Bí kọnkéré bá sì ti gbẹ, irin ni wọ́n fi ń tú pákó kúrò lára rẹ̀, èérún ló máa ń dà. Ìyá mi gbà pé ọkọ àwọn mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun tó kù lára ọmọ àwọn sọnù kí ojú rẹ̀ má baà máa rí i. Wọ́n bá a gbé, wọ́n sì ṣe òkú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n wọn ò dárí jì í. Èmi náà ò dárí ji Bàbá.

Ìyá mi jókòó sí ìkángun bẹ́ńṣì kan. Kọnkéré ni bẹ́ńṣì náà, kí ló kù? Onítáì na ìwé sí mi, mo gba bírò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹ wo ògiri ẹ̀gbẹ́ Ìyá yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Gbogbo pákó ilé yìí, ní ìbú ni wọ́n tò ó. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló wà ní òòró. Ó pẹ́ tá a ti ń kọ̀wé lórí ẹ̀. Èmi gbà pé àtẹ̀gùn ìmọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ wo àwọn ìlà yẹn bí wọ́n ṣe ń gòkè."

Àtẹ̀gùn ìmọ̀. Mo ti ní èsì tó máa ta á lára lẹ́nu nígbà tí mo yíjú síbẹ̀.

Ohun kan dúró lára ògiri náà láti ilẹ̀, ó ga bí ilẹ̀kùn, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí wúruwùru níbi tí ìkán ti jẹ ẹ́. Àwọn ìlà tí ọ̀bẹ gbẹ́ wọnú pákó ti yọ síta lára kọnkéré. Tèmi ti bọ́ sí ọ̀tún, tiẹ̀ ti bọ́ sí òsì, bí páànù ṣe máa ń yí nǹkan pa dà. Lókè pátápátá lápá òsì, ìlà méjì wà tí wọ́n sún mọ́ra.

Ojú Ìyá mi ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ lo pariwo pé ojóóró ni," wọ́n wí.

Mo jókòó tì wọ́n. Bí pákó bá tán lóòótọ́, ṣebí wọn ì bá tẹ́ ilẹ̀kùn náà ní ìbú bíi tàwọn yòókù, kí wọ́n sì kọ ojúkójú sí kọnkéré. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e nàró, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gan-an, wọ́n sì kọ ojú tí ìlà wà sínú, kí ọmọ náà lè ga bó ṣe ga. Pákó ò tán. Irọ́ ni Bàbá pa fún wa, wọ́n sì wá fi àdéhùn tì í kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ.

"Kí ló dé tí ò sọ fún mi?" Ìyá mi bi mí.

Inú ń bí mi sí Bàbá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ń sunkún.

Onítáì tún táì rẹ̀ ṣe. "Mà, ṣé ká fi ibi kékeré yìí sílẹ̀, ká wá rẹ́ ìyókù?"

Mo wo òkè, mo wo korobá, mo wo ìlà dúdú tó ń ṣàn bọ̀ láti ẹnu fèrèsé. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí mo lè bá wọn yìn. Mo dá bírò pa dà fún un.

"Ilé yín burẹ́wà," mo wí. "Ẹ má rẹ́ ẹ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ dúpẹ́, mo ní kó dákẹ́. Ìyá mi ò tíì fẹ́ dìde. Ọwọ́ wọn wà lórí ìlà ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo dì í mú, mo sì gbé e sókè sórí ti ojóóró.