Èmi Ni Mo Hú Àlùbọ́sà Bàbá Wa

Ìtọ̀ ló ń darí mi kiri báyìí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, mi ò lè wakọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kí n má sọ̀kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ gbogbo ẹ̀yìn igi àti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín àwọn òkè West Virginia. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, nínú oṣù kẹrin, kì í ṣe ìtọ̀ nìkan ló ń dá mi dúró. Ẹ̀rù ń bà mí.

Sísì Oneida, ẹ̀gbọ́n mi, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni mo ní ká jáde lọ wo bí igi ṣe ń rúwé, ká máa gba àwọn ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, ká máa dúró níbi tó bá wù wá, ká sì parí rẹ̀ sí gbọ̀ngán àwọn panápaná ní Dry Lick, níbi tí wọ́n ti máa ń se àlùbọ́sà igbó fún gbogbo ará àdúgbò bí yìnyín bá ti yọ́ tán. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé Harless, ọkùnrin tí wọ́n jọ pínyà, ti ń gbé ní Dry Lick báyìí. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún un ká tó débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé. Bàbá wa fi ibì kan hàn wá nínú igbó, létí odò, tí àlùbọ́sà igbó máa ń hù sí bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Ewé kan péré là ń já lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kì í fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, torí bí o bá hú u, ó di ọdún méje kí òmíràn tó dàgbà. A kì í sì fi ibẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni Sísì fi hàn: Harless, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tí Sísì náà sì ti gbà.

Ọdún yẹn gan-an ni mo lanu sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pé èmi nìkan ni n ó fi àlùbọ́sà igbó bọ́ igba ènìyàn. Ẹnu mi yìí! Mo gbé ṣọ́bìrì àti àpò mẹ́fà lọ sínú igbó, mo hú gbogbo rẹ̀ tewé tìdí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí. Mo ní ọkùnrin kan lódìkejì òkè ló tà á fún mi, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà mí gbọ́. Nígbà tó wá lọ síbẹ̀ tó bá ilẹ̀ tí wọ́n ti tú káàkiri, Harless ló fura sí. Lójú gbogbo ìjọ ló ti sọ fún un pé kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo ń jẹ kéèkì.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá.

A dúró ní oríta kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tí wọ́n ki sọ́séèjì sí nínú. Mo ní n ó sọ ọ́ níbẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì mẹ́ta.

"Verlie, ṣé ikùn nìyẹn àbí àpò?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Sísì. Ọkọ mi ti kú, eyín mi ti lọ, ẹnu nìkan ló kù tó ń gbádùn."

"Eyín lọ, o jẹ mẹ́ta. Ká ní eyín wà ńkọ́?"

A tún dúró létí odò kan tí àwọn apẹja tò sí. Mo ní n ó sọ ọ́ níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn igi kan tó kún fún òdòdó, mo lóṣòó, ẹsẹ̀ mi yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ni mo bá fi ìdí wọ́ dé etí omi pẹ̀lú ṣòkòtò ní orúnkún. Apẹja kan ṣí fìlà fún mi.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kí i padà. Sísì rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Verlie, ìwọ nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Má kú kí n tó kú o." Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi lẹ́yìn ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Dry Lick. Òórùn àlùbọ́sà ti gba gbogbo ìta gbọ̀ngán náà. Mo pa mọ́tò.

"Sísì, ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo hú àlùbọ́sà Bàbá. Kì í ṣe Harless. Ó wà nínú ilé yẹn."

Ó wò mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń retí ìgbájú.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Àpò mẹ́fà."

"O sì ń jókòó sídìí tábìlì mi ní gbogbo Kérésìmesì."

"Mo ń jókòó, Sísì."

Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó wọ gbọ̀ngán náà lọ. Mo tẹ̀lé e.

Harless ń bu ọ̀dùnkún fún àwọn èèyàn. Irun rẹ̀ ti funfun pátá. Ẹ̀gbọ́n mi mú àwo, ó tò sórí ìlà bíi gbogbo ayé, títí ó fi kàn án.

"Harless, kì í ṣe ìwọ. Mo ti mọ̀ báyìí. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo sọ fún ọ nígbà yẹn, Oneida."

"O sọ fún mi."

"Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin."

"Mi ò ṣí wọn."

Obìnrin tó ń bu ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sí wọn. "Harless, ta ni wọ́n?"

"Ará ibi tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ ni. Oneida, ìyàwó mi nìyí, Lorena. A ti lo ọdún mẹ́jọ pọ̀."

Lorena, ọmọlúàbí èèyàn, bu ẹ̀wà fún un, ó tún fi kún un. "Ẹ jẹun dáadáa o, Mà."

Ó wá kàn mí. "Harless, èmi ni mo ṣe é."

"Mo ti gbọ́, Verlie."

Kò bu nǹkan kan fún mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì mí, ni mo bá kọjá lọ tèmi tàwo òfìfo.

Sísì rọra jẹun tán. Nígbà tá a jáde, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un. Ó kọjá lára mi, ó ṣí tẹ̀yìn, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan.

"Ẹ bọ́ síwájú, Sísì."

"Wa mọ́tò."

Wákàtí méjì àbọ̀. Mo dá àpárá kan nípa àwo mi, èmi fúnra mi rẹ́rìn-ín sí i. Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín.

Títí di òní, èmi ni mò ń gbé e lọ sọ́jà, èmi ni mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yìn ló ń jókòó.