Owó Tí Ó Ń Padà Sórí Tábìlì

Òfin mẹ́ta ni máníjà máa ń kà fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì náà. Èkíní, owó tí àlejò bá fi sórí ìrọ̀rí, ti ẹni tí ó tún yàrá ṣe ni. Èkejì, owó tí ó bá wà níbòmíràn, ìbáà ṣe lórí tábìlì, ìbáà ṣe nínú bàtà, ti àlejò ni. Kí a gbé e wá sí ọ́fíìsì, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìgbàgbé. Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá àlejò sọ̀rọ̀ owó, kódà kí ó jẹ́ àwàdà. Ẹni tí ó bá rú òfin kẹta yìí kò ní padà wá ní ọjọ́ kejì.

Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé mọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹní mowó. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni oṣù kẹta yóò sì pé. Bí máníjà bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, yóò di òṣìṣẹ́ gidi, òwúrọ̀ nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, yóò sì lè máa lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọ̀sán, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á. Bí máníjà kò bá fọwọ́ sí i, àyè rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó ń gbé, obìnrin tí òun náà ti fi ogún ọdún tún yàrá ṣe ní ìlú ńlá òkè òkun yìí kí orúnkún tó ní kí ó jókòó. Àǹtí yìí ni ó sọ ọ́ ní Kílódé, nítorí pé láti kékeré ni kì í gba ohunkóhun láìbèèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, nínú yàrá kẹrìnlá, Kílódé bá owó bébà kan lórí tábìlì. Wọ́n ká a sí méjì, wọ́n gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé ife tíì, wọ́n sì fi gíláàsì dé e bí ẹni dé oúnjẹ àgbà. Ó ṣe ohun tí òfin wí. Wọ́n kọ owó náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n fi í sínú àpòòwé funfun, wọ́n sì dá a padà sórí tábìlì kí àlejò tó wọlé.

Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni àlejò náà. Ìwé àlejò sì fi hàn pé ará ilé ni, láti orílẹ̀-èdè tí Kílódé ti wá. Ó wá kí dókítà lè tọ́jú ojú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, láràárọ̀ ni ó sì ń jáde lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó tó gbéra nílé, àbúrò rẹ̀ tí ó ti gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí ti kọ́ ọ ní ìṣe wọn: kí ó fi díẹ̀ lé owó takisí, kí ó fún ẹni tí ó bá bá a gbé àpótí ní nǹkan, kí ó sì máa fi owó ìdúpẹ́ sórí ìrọ̀rí ní òròòwúrọ̀ fún ẹni tí ń tún yàrá ṣe. Awọnlẹ̀ bi í léèrè ìdí tí a fi ń fún awakọ̀ takisí tí a kì í fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àti ìdí tí agẹrun fi ń gbà tí dókítà eyín kì í gbà, nígbà tí ó jẹ́ pé orí kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́jú. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe wọn ohun tí kì í ṣe ilẹ̀.

Awọnlẹ̀ gba gbogbo rẹ̀, àfi ti ìrọ̀rí. Lójú tirẹ̀, ibi tí ènìyàn gbé orí lé sùn, tí ó ṣeé ṣe kí itọ́ ojú oorun ti kán sí, kì í ṣe ibi tí a ń gbé ohun tí a fẹ́ fi yẹ́ni sí. Owó tí ó bá wà níbi ìgbérílé, ara ẹni ni a ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ohun tí a bá fẹ́ fún ọmọlúàbí, inú àwo ni a ń gbé e sí, kí àwo náà sì mọ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń fọ àwo tíì rẹ̀ láràárọ̀ kí ó tó jáde.

Nígbà tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ó bá owó rẹ̀ nínú àpòòwé, ó jókòó, ó rò ó wò. Ẹni tí a fún ní nǹkan, tí ó sì fi ọ̀wọ̀ dá a padà, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń sọ: yálà inú ń bí i, tàbí ohun náà kò tó. Òun kò tí ì ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. A jẹ́ pé kò tó nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ bébà kan di méjì. Àpòòwé tún dé. Ní Ọjọ́rú, ó sọ ọ́ di mẹ́rin. Nígbà tí ó fi di Ọjọ́bọ̀, bébà mẹ́jọ ni ó wà nínú àwo, ìyẹn sì tó owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tí ó ń kó o lọ sí ọ́fíìsì.

Ọjọ́bọ̀ yìí ni máníjà pe Kílódé. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó ṣí ìwé ohun ìgbàgbé, ó fi ìka tọ ìlà mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Ó ní láti ọdún méjìlá tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun kò rí àlejò tí ó gbàgbé owó síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, tí owó náà sì ń dàgbà bí ọmọ tó mu ọmú yó. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀gá àgbà ni wọ́n rán ọkùnrin náà wá láti dán ilé wò. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà láàárín Kílódé àti àlejò tí ìwé kò mọ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, òun kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lọ́la bí òun kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Kílódé ro gbogbo rẹ̀ fún àǹtí rẹ̀ bí ó ti ń fi omi gbígbóná jó orúnkún fún un. Àǹtí dájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé pàkúté ni, ará ilé ni wọ́n sì fi dẹ ẹ́ kí ó lè fọkàn tán an. Kí ó tún gbé owó náà, kí ó tún kọ ọ́, kí ó sì pa ẹnu mọ́.

"Àǹtí, ẹni tó ń dẹ pàkúté kì í fọ pàkúté."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Àwo yẹn ni mò ń wí. Mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lónìí, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú olè, ṣé á máa fọ àwo fún olè ni?"

"Gbọ́ mi, Kílódé. Ogún ọdún ni mo fi kó owó lórí ìrọ̀rí, mi ò fọ̀rọ̀ wá ìrọ̀rí lẹ́nu wò rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ pẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Orúnkún yín ń jẹ́rìí sí i."

Àǹtí ju aṣọ ìnura lù ú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Kílódé kò lè pa ẹnu mọ́, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ kò ní jẹ́ kí máníjà mọ ìdí kankan. Kò sì lè la ẹnu, nítorí òfin kẹta. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yẹ òfin náà wò síwá sẹ́yìn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fòfin dè. Kò sí ẹni tí ó de ọ̀rọ̀ àwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kan ilẹ̀kùn yàrá kẹrìnlá kí àlejò tó jáde. Bàtà kan ti wà lẹ́sẹ̀ Awọnlẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kílódé kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun wá bèèrè bóyá kí òun máa kó àwo tó wà lórí tábìlì mọ́ àwọn tí wọ́n ń lọ fọ̀, tàbí kí òun fi sílẹ̀.

Awọnlẹ̀ wò ó dáadáa. "Ìwọ lò ń tún yàrá yìí ṣe?"

"Èmi ni, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Dìde. Sọ òótọ́ fún mi: ṣé ohun tí mò ń gbé kalẹ̀ kò tó ni?"

Bí Kílódé bá ní ó tó, ó ti sọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá ní kò tó, ó ti tọrọ.

"Ẹ má bínú, sà. Wọn ò jẹ́ ká bá àlejò sọ̀rọ̀ owó níbí. Ọ̀rọ̀ àwo ni mo bá wá."

"Ta ni ò jẹ́?"

"Máníjà, sà. Òní ló sì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé mi, tàbí kó má fọwọ́ sí i."

Ogójì ọdún ni Awọnlẹ̀ fi dúró láàárín àwọn tí ń jà sí ààlà ilẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ti dé etí ààlà, tí kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan sọdá. Kò tún bi í ní nǹkan kan. Ó ní kí ó fi àwo sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ bàtà kejì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ̀rù wá ba Kílódé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tẹ́ aṣọ ibùsùn kan ṣoṣo, igun rẹ̀ kò sì gún.

Nísàlẹ̀, Awọnlẹ̀ bi máníjà, gẹ́gẹ́ bí àjèjì tí kò mọ ìṣe ìlú, ibi tí àlejò ń gbé ohun ìdúpẹ́ sí nínú ilé náà tí ẹni tí ó ni ín yóò fi mú un. Máníjà ní orí ìrọ̀rí ni. Nígbà náà ni àlejò jẹ́wọ́ pé àbúrò òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, òun ni òun kò gbà. Ó sọ ti àwo, ó sọ ti àpòòwé mẹ́rin, ó sì sọ bí òun ti ń fi kún un nítorí pé òun rò pé wọ́n ń kọ̀ ọ́. Máníjà ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀: ṣé òṣìṣẹ́ náà ni ó ní kí ẹ wá?

"Rárá o. Èmi ni mo bi í bóyá ohun tí mo gbé kalẹ̀ kò tó. Ó ní òun ò lè bá mi sọ̀rọ̀ owó. Tí mo bá ní ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa owó, mo parọ́ mọ́ ọn."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, máníjà ti fọwọ́ sí ìwé Kílódé. Kò wí púpọ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ajé lọ, òwúrọ̀ nìkan ni yóò máa wá.

Awọnlẹ̀ padà sílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bébà mẹ́fà ni Kílódé bá lórí ìrọ̀rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí i ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí àǹtí rẹ̀ gbọ́, ó pòṣé. Ó ní Ọjọ́bọ̀ nìkan ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ọkùnrin náà sì ti mọ̀nà ìrọ̀rí tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó há. Kílódé kò gbà. Ó ní nítorí pé bàbá náà rò pé kò tó ni ó ṣe ń fi kún un. Nígbà tí ó ti wá mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí àfikún ti kú, àfikún sì bá a lọ.

"Ìwọ àti bàbá yẹn," ni àǹtí wí, "ẹ yẹ ara yín."

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀, Kílódé yà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú àpò ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní èjìká. Ó ní ìbéèrè kan ti ń jẹ òun lọ́kàn láti oṣù mẹ́ta, òun kò kàn lè bèèrè ni: kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìrọ̀rí?  Máníjà ní ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nìyẹn ní ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun kò sì bi wọ́n léèrè ìdí.