Ohùn Diepreye Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

"Sà, obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí."

Adaeze ló sọ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ọbalọlá, olùkọ́ wọn, ń kọ̀wé sójú pátákó lọ́wọ́. Ó ń kọ́ wọn nípa ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, kí ó má baà sọnù tí iná bá lọ. Lọ́dún 1988 yẹn, dísíìkì wọ́n bí ojú. Ẹyọ ẹ̀rọ dísíìkì kan péré ló wà nílé ẹ̀kọ́ kékeré wọn ní Liverpool Road, l'Ápápá. Kásẹ́ẹ̀tì orin, nínú rédíò tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà, làwọn tó kù ń lò. Ó ti ní kí àwọn kan fi iṣẹ́ pamọ́ sórí dísíìkì, kí àwọn yòókù fi sórí kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wo èyí tó yá jù.

Ó dá ohùn náà mọ̀ kó tó yíjú padà. Diepreye ni, ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, ó ń bi í bóyá ó ti ra kẹrosíìnì. Ọjọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ìkánjú ló jẹ́ kó kó kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àwọn òfìfo tó ń kó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Adaeze ṣàlàyé pé ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì làwọn fi iṣẹ́ àwọn sí, ibi tí iṣẹ́ náà parí sí ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ṣé a lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà padà, sà?"

"Rárá," ni Ọbalọlá wí. "Tí a bá ti kọ tuntun lé e, ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bákan náà ni dísíìkì."

Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni Diepreye ti rẹ́rìn-ín, tó sì pe orúkọ Ọbalọlá ní kíkún. Adaeze rí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Ọbalọlá ní kò jẹ̀bi. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ṣẹ́ ike kékeré tó wà létí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ mọ́, ó sì kọ́ wọn títí ẹ̀kọ́ fi parí.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó tẹ rédíò, ó tún pa á. Kò lè dá a gbọ́. Ó gbé rédíò, ó gba Ajégúnlẹ̀ lọ, sílé ìyá ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti débẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí wọn ìbá jọ sọ.

Màmá fún un ní àga. Ọbalọlá tẹ rédíò. Ariwo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ dún, fíìì, bí ìgbà tí ìkòkò ń hó. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ Màmá béèrè kẹrosíìnì. Màmá wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ń wò ó títí ohùn náà fi dákẹ́.

"Mo rò pé ìwọ náà ti bá a lọ ni," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ má bínú, Màmá."

Màmá dìde, ó bu oúnjẹ sínú abọ́ kan, ó gbé e síwájú àwọn méjèèjì.

"Ó ti sú mi láti máa dá jẹun."

Ọbalọlá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sún àga mọ́ ọn.