Ibi Tí A Ó So Kafayatou Mọ́

…kí oṣù yìí tó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ọkọ̀ ní Dakar wí lórí fóònù. Kí oṣù yìí tó parí, kí gbogbo ọkọ̀ ti kúrò níbẹ̀, torí wọ́n ti ta ilẹ̀ etí omi náà, ẹni tó rà á ò sì fẹ́ rí ọkọ̀ kankan. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé kí n wá gbé ìkòkò mi kúrò lórí iná. Láti Àjàṣẹ́ níbí, ibo ni kí n gbé ọkọ̀ ìgbòkun tó wà ní Dakar sí? Abẹ́ ibùsùn?

Issifou ọkọ mi ń sùn. Ó dára bó ṣe ń sùn. Éric, kinẹ́ tó ń wá bá a fa apá fa ẹsẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, ti fà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ lórí àga gígùn yìí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí ìrọ̀rí níbi tí mo gbé e sí. Ọwọ́ yẹn kì í kúrò níbi téèyàn bá gbé e sí. Òjò ti dá, omi ṣì ń kán láti orí páànù, gbogbo àdúgbò Tokpota dákẹ́. Bó bá jí, á bi mí. Á ní, Kafayatou ńkọ́? Kí ni n ó wí?

Kafayatou. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọkọ̀ náà. Èmi tí mo bímọ fún un, tí mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ náà nígbà tí òun wà lórí omi, kò rí nǹkan kan fi orúkọ mi sọ, kódà kẹ̀kẹ́. Ìyá ọkọ mi ti kú, a ti sin ín, a ti ṣe fídáù rẹ̀. Ó tún dìde, ó di ọkọ̀ ojú omi, ó tún ń ná wa lówó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu rẹ̀ jáde.

Ó ti sú mi. Kí n kúkú sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ọdún gbọọrọ ló fi ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ńláńlá ṣe fún ẹlòmíràn. Ó ní ariwo ti gbé etí òun lọ, òun fẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan ń gbé. Ló bá ra èyí lọ́wọ́ òyìnbó arúgbó kan ní erékùṣù Kànárì. Ó ní òun á wà á títí dé Kútọnu, kí n wá dúró sétí òkun, kí n máa ju gèlè sí òun. Mo ní gèlè mi ò ṣeé jù. Ó wà á dé Dakar. Iléyá ń bọ̀, ó so ó síbẹ̀, ó wọ bàálù wálé kó lè pa àgbò rẹ̀ láàárín wa. Ó ní bí ẹran bá ti tán, òun ń padà. Ẹran ò tíì tán tí apá ọ̀tún rẹ̀ fi kú mọ́ ọn lára nínú balùwẹ̀. Rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Mo sì ti wá ibi tí a ó so ó mọ́. Ta ló lè sọ pé mi ò wá? Las Palmas ní ààyè wà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè… wọ́n rò pé èmi ni mo ni òkun. Banjul, nínú odò, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró lásán ni, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọkọ̀ tí ojú ẹnìkan ò sí lára rẹ̀, lónìí wọ́n á tú okùn rẹ̀, lọ́la bátìrì, lọ́tùnla wọ́n á fi ilẹ̀kùn rẹ̀ dáná ẹja. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Lomé, kò mọ̀ ju ọkọ̀ ńlá lọ. Abidjan, ọkùnrin kan ní kí n sanwó sílẹ̀ lórí fóònù, kò sì fẹ́ kí n rí ojú òun. Mo tilẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu. Ọkùnrin kan létí omi wò mí látòkè délẹ̀. "Màmá, ọkọ̀ apẹja ni?" Mo ní rárá. "Ọkọ̀ ẹrù ni?" Rárá. "Kí ló wá ń ṣe?"

Kí ló ń ṣe? Ó ń dúró de ọkọ mi. Mi ò lè sọ ìyẹn fún un, mo kí i, mo padà sílé.

Àfi ti Prisca.

Mi ò rí Prisca rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ lórí fóònù, àti àkùkọ kan tó máa ń kọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ọgbà ọkọ̀ lẹ́bàá odò, ní Casamance. Wọ́n á fa ọkọ̀ gòkè, wọ́n á gbé e lé igi. Ọgbà yí ibẹ̀ ká, ọdẹ ń sùn nínú rẹ̀, ajá wà. Atukọ̀ kan wà tó máa wà á lọ síbẹ̀ láti Dakar. Owó rẹ̀, apá mi ká a, láìta ẹ̀rọ kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Koríko ibẹ̀ mọ́, wọ́n gé e. Kí ni mo tún ń wá?

Ọdún méjì ni mi ò fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ owó yẹn, ọdún méjì ni yóò fọwọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ dín. Wọ́n á sì sọ òpó rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á tú ìgbòkun, wọ́n á ká a sínú àpò.

"Màdáámù, ọkọ̀ tó máa pẹ́, a kì í fi òpó rẹ̀ sílẹ̀ lóòró. Atẹ́gùn á máa mì ín."

Mo ní ṣé wọn ò lè fi ìgbòkun yẹn sílẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ní ọkọ mi lè dé nígbàkigbà. Àkùkọ Prisca kọ. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe, màdáámù. Ṣùgbọ́n oṣù-oṣù lẹ ó máa san nìyẹn, yóò sì wọ́n jùyí lọ dáadáa." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Inú ló tún bí mi pé ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Oṣù-oṣù. Oṣù-oṣù náà ni mo ń san ní Dakar. Wọ́n fi ti ọdún lọ̀ mí níbẹ̀, ó dínwó, mo kọ̀. Mo sọ fún Salimatou ọmọ wa pé owó ọdún ò sí lọ́wọ́. Owó wà. Kì í ṣe owó… Bí mo bá san ti oṣù kan, ó lè dìde lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá fọwọ́ sí ọdún méjì, ẹnu ara mi ni mo fi wí i. Kò sì sí dókítà tó tíì wí i. Éric náà ò wí i. Éric ní, "Ó ń gbìyànjú, Màmá." Gbogbo ìgbà ni Pàpá ń gbìyànjú.

Nígbà tí bàbá mi kú, omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ò tíì gbẹ nílẹ̀ táwọn ìyá wa fi ń ká agbádá rẹ̀. Ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, sínú àpótí. A kì í ká aṣọ alààyè bẹ́ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Djègan-Kpèvi, aṣọ wà tí mo ti rán tán, tí àwọn tó ni ín ò wá gbà. Ọ̀kan lọ sí Gabon, òmíràn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mi ò ká ọ̀kankan. Wọ́n ń rọ̀ lórí ìkọ́, mò ń gbọn eruku wọn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Màmá ń ṣọ́ ilé iwin. Kí wọ́n máa ṣe é. Bẹ́mìí bá wà, ìrètí ń bẹ. Báwo wá ni kí n ṣe sọ fún obìnrin tí mi ò rí rí pé, ẹ ká ti Issifou, ẹ dì í?

Ẹ̀wù òjò tó fi ń wọkọ̀ nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lórí ìṣó rẹ̀. Èmi ni mo tún gbé e padà síbẹ̀. Àìsàn yìí ń da orí èèyàn rú o. Éric ló gbé ẹ̀wù yẹn fún! Òjò ń rọ̀, Éric fẹ́ máa lọ, Issifou na ọwọ́ òsì sí ìṣó. "Mú un." Éric ní, "Pàpá, ẹ máa nílò rẹ̀." Ó tún ní, "Mú un. Ó dára." Lọ́jọ́ kejì mo pe Éric sẹ́yìn ilé. Mo ní jọ̀ọ́, dá a padà fún mi, ara tí kò tíì yá ni kò jẹ́ kí Pàpá mọ ohun tó ń ṣe. Ó dá a padà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Éric. Mo gbé e kọ́. Issifou wo ẹ̀wù náà lórí ìṣó, ó sì wò mí.

Salimatou náà ń dà mí láàmú láti Parakou. "Màmá, ẹ tà á. Ẹ fi owó rẹ̀ tọ́jú Pàpá." Mo ní ṣé o fẹ́ pa bàbá rẹ ni, ọkùnrin tó ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́? Ó ní, "Ó ń bèèrè rẹ̀? Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé, mi ò gbọ́ kó bèèrè." Mo pa fóònù. Ọmọ tó wá kí bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ́ báyìí tó tún padà lọ, kí ló fẹ́ gbọ́?

Ó ń bèèrè. Àná yìí, mò ń bu ọbẹ̀, ó ní… Rárá. Èmi ni. Èmi ni mo ní, "Bàbá Salimatou, mo ti bá àwọn ará Dakar sọ̀rọ̀ o, kò séwu." Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun… èmi náà ni. Ó mi orí. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Adjarra — èmi ni mo gbé fọ́tò ọgbà Prisca sí i lójú. Ó wò ó. Ó mi orí.

Nílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ ni, nílé ìwòsàn ó bèèrè, èyí dá mi lójú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tó yé wa nìyẹn, "Kafa… ńkọ́?", mo tilẹ̀ bínú pé kì í ṣe orúkọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn…

Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mò ń wá a bí mo ṣe máa ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́, tí mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ kiri. Kò sí. Láti ìgbà tí a ti gbé e dé ilé yìí, kò bi mí rí.

Ta ló wá ń bèèrè?

"Mú un. Ó dára." Mo tún ń gbọ́ ohùn yẹn. Kì í ṣe ohùn ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, èyí tó máa ń fi sọ pé ọbẹ̀ ti tó, má bù sí i mọ́. Ó ń ká a ni. Òun fúnra rẹ̀ ń ká a, lójú mi, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ kan tó kù fún un. Èmi ni mo tún sáré lọ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́wọ́, tí mo gbé e kọ́ síwájú rẹ̀, kó máa wò ó tọ̀sán-tòru. Ojú ń tì mí. Ọlọ́run, ó rẹ̀ mí, ojú sì ń tì mí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Prisca ṣì wà níbí lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ló fẹ́.

Ó ń jí. Ojú òsì ló kọ́kọ́ là, ti ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo páànù tó ń kán, ó rí mi, ó rí fóònù lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu.

"Bàbá Salimatou…"

Orí rẹ̀ ti ń mì. Díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń mì í fún mi: bẹ́ẹ̀ ni, ó dára, o ṣeun. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Òun ló ti ń rẹ̀ mí lẹ́kún láti ọjọ́ yìí wá.