Oògùn Tó Ń Dín

Ó tún oògùn náà kà lẹ́ẹ̀kẹta, ní márùn-ún márùn-ún, bó ṣe máa ń ka bébà níbi iṣẹ́. Mẹ́tàlélógún. Ọgbọ̀n ló kó pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ọdún méjìdínlógún ni Atẹ̀wé fi tẹ̀wé. Yọ bébà kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àtàǹpàkò rẹ̀ á mọ̀. Ọgbọ̀n oògùn kò lè rú u lójú. Eku kì í sì í ṣí ìdérí ìgò. Èèyàn ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé ilé náà.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí dókítà ti sọ fún un pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn kan lójúmọ́, ara dá ṣáṣá. Inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ló ń san án. Ilé iṣẹ́ wá ta ẹ̀rọ, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, inṣọ́ránsì náà sì bá iṣẹ́ lọ. Atẹ̀wé ronú bí ọlọ́gbọ́n, ó ṣe bí òmùgọ̀: ó ní kí òun tọ́jú èyí tó kù de ọjọ́ àìsàn. Ó ra àgbo lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri.

“Ife kan láràárọ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “Kòkòrò á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.”

Àgbo náà korò ju ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bù ú fún un, á sì dúró tì í títí ife á fi gbẹ. Kí ló ń ṣọ́? Níjẹta, Atẹ̀wé gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù lẹ́bàá fèrèsé: “Mò ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì fura.”

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó ka oògùn náà, ó ṣí omi sílẹ̀ ní balùwẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó yọ́ lọ sí ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fi ìdí ṣíbí tẹ nǹkan lórí àwo kékeré. Ìyẹ̀fun funfun. Ife àgbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kí lo fẹ́ dà sí i?”

Ṣíbí já bọ́. “Yéè! Bàbá wọn, ẹ ò ní pa mí!”

“Ta ló ń pa ta? Májèlé wo nìyẹn?”

“Májèlé kẹ̀? Oògùn yín ni! Ẹ lẹ́ ò lò ó mọ́, omi ewé lẹ̀ ń mu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò le lórí tó yín. Mo bá ń pò ó mọ́ àgbo.”

Atẹ̀wé jókòó.

“Àgbo tí mo ní ó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ó ń bá oògùn ru ẹrù.”

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé?”

“Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba. Mo bi í bóyá oògùn yẹn ṣeé lọ̀. Ó ní ó ṣeé lọ̀, ṣùgbọ́n àgbo lè bá a jà, kí n tètè mú yín wá. Wọ́n ń fún àwọn tí ò ní inṣọ́ránsì lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà máa tò ni.”

“Kí gbogbo ayé rí mi?”

“Gbogbo ayé náà ń bẹ lórí ìlà. Àwọn náà ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí wọn.”

Kò gbà á gbọ́ síbẹ̀. Ó gba fóònù, ó pe nọ́ńbà nọ́ọ̀sì náà. Ohùn obìnrin kan ní, “Ilé ìwòsàn rèé, ẹ káàárọ̀.” Ó pa á. Ojú tì í. Ó gbọn ìyẹ̀fun orí àwo sínú omi lásán, ó gbé e mu.

Nígbà tí oòrùn fi mú, àwọn méjèèjì ti wà lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọkùnrin iwájú wọn fi ìwé ìròyìn bojú. Ìwé náà dorí kodò. Atẹ̀wé rí i, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe ẹni tó kàn. Ó ku èèyàn mẹ́fà níwájú wọn.